Ẹni Tí Ó Na Apá Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Gbọ́ Èsì

Bí ènìyàn bá ń rin òpópónà Táíwò lọ ní ìlú Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú Ṣéù Àlímì, ìlú ẹlẹ́ṣin tí ìmọ̀ kéwú ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ kí ìwé òyìnbó tó dé, láàrin àwọn tí ń ta fóònù, àwọn tí ń ta oògùn, àwọn tí ń ta aṣọ àti àwọn awakọ̀ tí ń pe èrò, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nínú rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n ń múra àtijáde jókòó sí, tí wọ́n ń dúró kí a bá wọn tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn, kí a sì bá wọn báìńdì rẹ̀ pẹ̀lú èèpo líle tí a fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ wọn sí lára. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo, tí òpópónà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ni ó jẹ́ gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Kwara ní 1975 nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀, kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ inú iṣẹ́ ológun tó gbẹ̀mí rẹ̀ ní oṣù Kejì 1976. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ yunifásítì náà fi ń gba ojú pópó tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kọjá.

Mo ti ṣí ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò, n kò sì lè sọ pé ohun tí ó wà nínú wọn kéré. Ọ̀kan ń wádìí ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń pọ̀ sí i láàrin àwọn oníṣòwò; òmíràn ń wo bí àwọn abiyamọ ṣe ń fún ọmọ ní ọmú nìkan láìfi omi kún un; ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláìsàn bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù; òmíràn tún ń wá ìdí tí ọmọ fi ń lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò sì lè kàwé já gaara. Ìbéèrè gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí, ó sì ti ń jẹ àwọn ará ìlú lọ́kàn kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó gbé e sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ibo ni ìwé náà ń gbà nígbà tí ó bá kúrò ní Táíwò? Ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó darí iṣẹ́ náà, ẹ̀dà kan á lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ẹ̀dà kan á wọ ilé ìkàwé, akẹ́kọ̀ọ́ á sì mú èyí tí ó kù lọ sílé kí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi ojú rí ohun tí wọ́n fi owó wọn rà. Kò sí èyí tí ń lọ sí Ọjà Ìpàtà, níbi tí ìyá aláta ti pa ọjà rẹ̀ tì, tí ó na apá kí a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó sì dáhùn ìbéèrè lórí ohun tí ó ń jẹ, iye ọmọ tí ó bí, iye tí ó kú nínú wọn, àti bí ó ṣe ń rí owó oògùn. Ó sọ àṣírí ilé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí nítorí pé ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, tí ó sì ní kí ìyá òun ṣàánú òun kí òun lè jáde ní yunifásítì.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Iṣẹ́ ìwádìí lórí ìlera, lórí ẹ̀kọ́ tàbí lórí ìtọ́jú aláìsàn, tí a kò bá tíì padà ka èsì rẹ̀ fún àwọn tí a ti ara wọn ṣe é, ní èdè tí wọ́n fi ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, kò tíì parí, kò sì yẹ kí yunifásítì kankan fi oyè lé e. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èsì ìwádìí sì ni ọpẹ́ kan ṣoṣo tí ó tó oore tí ìyá aláta ṣe.

Kì í ṣe ohun tí ojú kò rí rí ni mo ń béèrè. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ìlú Ọwá Obòkun, kò sì pẹ́ tí ó fi gbájú mọ́ Ìmẹ̀sí-Ilé, nítorí pé ní ìgbà náà àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń kú ní àwọn ìletò wa tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tí kò sin ọmọ rí fi ṣọ̀wọ́n. Ìwádìí ni ó bá wá: ó fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ìgbà tí ìdàgbà rẹ̀ ń dúró, àti ohun tí ń pa á. Ṣùgbọ́n kò dúró kí iṣẹ́ náà pé ọdún mẹ́wàá kí ó tó sọ ohun tí ó rí. Ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ wa láti máa ṣe púpọ̀ nínú ohun tí àwọn dókítà ìgbà náà kà sí ti ara wọn nìkan. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń tẹ àmì sí ojú ìwé pélébé kan tí ìlà méjì là kọjá lórí rẹ̀. Bí àmì náà bá ń gòkè tọ ipa ìlà méjèèjì, ara ọmọ ń le. Bí ó bá dúró lójú kan, tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ebi tàbí àrùn ti ń bá ọmọ jà kí ojú ìyá rẹ̀ tó rí i. Ìyá náà ni ó sì ń mú ìwé ọ̀hún lọ sílé, tí ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá kí òjò má baà bà á jẹ́. Kò sí lọ́wọ́ akọ̀wé ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀jọ̀gbọ́n. Abiyamọ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ni ó ń mú èsì ìwádìí dání, ó sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà ọmọ òun ti tẹ̀.

Láti ìlú kékeré lórí òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yẹn ni ìwé ìwọ̀n ọmọ ti tàn ká ayé. Nígbà tí àjọ UNICEF bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀mí àwọn ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wíwọn ìdàgbà ọmọ wà lára òpó mẹ́rin tí wọ́n gbé ìpolongo náà kà. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jùlọ nínú ìtàn náà ni pé àwọn tí a ṣe ìwádìí lára wọn kò ní láti dúró de ìgbà tí Lọ́ńdọ̀nù yóò tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n tó jẹ àǹfààní rẹ̀.

Irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ kan náà ni Yunifásítì Ìbàdàn gbé lọ sí Ìbàràpá ní 1963, nígbà tí wọ́n fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó tí àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà yóò máa gbé láàrin àwọn àgbẹ̀, tí wọn yóò máa kọ́ àìsàn láti ilé tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní àgbègbè yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ti ka ìbí ìbejì, tí ó sì rí i pé nínú ìbí 1000, bíi 45 ni ó jẹ́ ti ìbejì, èyí tí ó ju ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn ti wà ní Igbó-Ọrà kí yunifásítì tó dé, kò sì sí ẹni tí ó nílò ọ̀jọ̀gbọ́n kí ó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ iye rẹ̀ fún àwọn onílé, wọ́n gbà á, wọ́n fi yangàn, lónìí wọ́n ti fi ṣe ọdún tí àwọn ìbejì ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá wọn ṣe. Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, lábẹ́ Olúmọ, Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Àrò láti 1954, tí ó fi àwọn tí orí wọn dàrú sínú ìletò àyíká pẹ̀lú ẹbí wọn dípò kí ó tì wọ́n mọ́lé, tí ó sì pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn mọ́ra, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí yóò bá aláìsàn gbé lẹ́yìn tí dókítà bá lọ ni ó yẹ kí ó mọ ohun tí dókítà mọ̀.

Ìlọrin kò gbẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, ètò kan tí wọ́n ń pè ní COBES ni ó sọ ọ́ di olókìkí, nínú èyí tí a ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbé ìlú àti abúlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n mọ ibi tí omi mímu ti ń wá, kí wọ́n mọ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe ìgbẹ́, kí wọ́n jókòó ti baálẹ̀ àti ìyálọ́jà, kí wọ́n sì bá wọn fi ọwọ́ kan ìṣòro tí ìlú náà fúnra rẹ̀ yàn. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tí ó fi ojú sí ará ìlú sílẹ̀ ní Kingston ní Jamaica ní 1979, Ìlọrin wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ogún ni èyí, ẹni tí ó bá sì jogún irú rẹ̀ kò yẹ kí ó máa tẹ ìwé sílẹ̀ ní Táíwò kí eku ilé ìkàwé máa jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí ó sún mọ́ wa jù báyìí lọ. Láti 2007 ni Ìjọba Kwara, ilé-iṣẹ́ Hygeia àti àjọ PharmAccess ti ilẹ̀ Netherlands ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìdójútòfò ìlera fún àwọn ará ìgbèríko, tí ó ti Ṣóńgà bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé Àfọ̀n ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà. Náírà 300 ni ẹnì kan ń san lọ́dún nígbà náà, owó ìrànwọ́ a sì dí èyí tí ó kù. Ní 2009, àwọn olùwádìí láti ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin àti láti Amsterdam ń wọ ilé dé ilé ní Àfọ̀n, wọ́n sì ṣe bákan náà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ètò náà kò sí, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì; ní 2011 wọ́n padà lọ. Wọ́n rí i pé nínú àgbàlagbà 100 ní ìgbèríko Kwara, bíi 19 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Wọ́n tún rí i pé láàrin àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru, nọ́ńbà òkè tí ẹ̀rọ ń kà fi ohun tí ó lé ní 10 wálẹ̀ ní Àfọ̀n, nígbà tí ó jẹ́ bíi 5 péré ni ó fi wálẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ní 2014, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Internal Medicine ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ èsì náà jáde.

Ẹni tí kì í ṣe dókítà lè máa rò pé kí ni 10 jẹ́. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ tó láti dín ewu àrùn rọpárọsẹ̀ kù gidigidi, ó sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin bàbá tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ kírun Jímọ́ọ̀ àti èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa gbé láti orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ ẹlẹ́jẹ̀ ríru nílé sì mọ ohun tí ń pa wọ́n: bí orí bá ti dẹ́kun fífọ́, wọn a ní ara ti yá, wọn a fi oògùn sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé àrùn náà kì í pariwo. Bí a bá dìde ní mọ́ṣáláṣí Àfọ̀n, ní ṣọ́ọ̀ṣì Àfọ̀n àti ní ọjà Àfọ̀n, tí a sọ fún wọn pé, “Ẹ̀yin ará ìlú yìí, ẹ̀yin fúnra yín, nígbà tí ẹ ń lo oògùn déédéé, tí ilé ìwòsàn yín sì gún régé, ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀ ju ti ìlú kejì lọ,” ta ni ó tún kù tí yóò da oògùn rẹ̀ nù? Ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa Jámánì kò lè wọ ènìyàn lára bí ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa ilé baba rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi olùkọ́ ọ̀tọ̀ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Àní wọ́n ta wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà ìbẹ̀rẹ̀; ní 2025, ìjọba fagi lé e. Mo gbà pé àṣìṣe ńlá ni fífagi lé e. Ṣùgbọ́n mo tún gbà pé ohun tí ó jẹ́ kí ó rọrùn láti ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí òbí tí ó bọ́ sí ìta ni pé láti 1970 títí di òní, àwọn òbí tí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọ́ ìròyìn Modákẹ́kẹ́ rí. Ìwé ni ó gbọ́, ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó gbọ́. Ìyá tí ó ń na ọmọ rẹ̀ nílé nítorí pé ó sọ Yorùbá kò gbọ́.

Ewu wà nínú àìsọ. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé. 200 ni àwọn ọmọ náà, 11 nínú wọn kú, àwọn kan nínú àwọn tí a fún ní oògùn tuntun, àwọn kan nínú àwọn tí a fún ní ti àtijọ́, àwọn òbí sì ní kò sí ẹni tí ó là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà falẹ̀ títí di 2009 kí ilé-iṣẹ́ náà àti Ìjọba Kánò tó fi mílíọ̀nù 75 dọ́là yanjú rẹ̀. Kí ìyẹn tó yanjú, ní 2003, àwọn ará Kánò ti kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ọmọdé, ìfura tí ó ti ọ̀rọ̀ Trovan wá sì wà lára ohun tí ó fà á; àrùn náà sì ti ibẹ̀ tàn dé àwọn ilẹ̀ tí ó ti kúrò níbẹ̀ rí. Òfin ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera tí orílẹ̀-èdè yìí gbé jáde ní 2007 ti tún nǹkan ṣe: kò sí ẹni tí ó lè gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fún ìwádìí báyìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àti lọ́wọ́ ẹni náà. Ẹnu ọ̀nà àtiwọlé ni a ti ṣọ́ dáadáa. Ẹnu ọ̀nà àtijáde ni a fi sílẹ̀ gbayawu.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì ń sọ. Wọ́n ní ìwé tí a tẹ̀ sí òkè òkun ni a fi ń gbé olùkọ́ ga, kò sí ẹni tí yóò fún un ní ìgbéga nítorí pé ó lọ sọ̀rọ̀ ní ọjà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni mo sì rò pé ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, nítorí àwọn tí ń ṣe òfin ìgbéga náà kì í ṣe òyìnbó, àwa ni. Wọ́n ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn rọpárọsẹ̀ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá aláta. Ọ̀rọ̀ tí ó tó fún ìbéèrè yóò tó fún èsì. Wọ́n ní owó kò sí. Ojú ìwé kan ṣoṣo kò ju owó tí a fi ń báìńdì lọ. Radio Kwara wà, Harmony FM wà ní Ìdòfìàn, yunifásítì fúnra rẹ̀ ní rédíò tirẹ̀. Kò sì sí èyí nínú wọn tí kò ní máa wá ọ̀rọ̀ tí ó ní láárí láti sọ ní òwúrọ̀.

Èyí tí ó nira díẹ̀ ni ti ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Aláìsàn a máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ohun tí kò jẹ́ sọ fún nọ́ọ̀sì tí ń gún un ní abẹ́rẹ́: pé wọ́n jágbe mọ́ òun, pé kò sí ẹni tí ó sọ orúkọ àìsàn náà fún òun, pé òun sun ẹkún ìrora mọ́jú. Bí irú èsì bẹ́ẹ̀ bá parí sínú èèpo líle, a ti tan aláìsàn náà. Ó yẹ kí a ka á ní wọ́ọ̀dù, fún mẹ́túrọ́ọ̀nù àti fún àwọn dókítà, kí a fi orúkọ aláìsàn pamọ́, kí a má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́, nítorí pé a kì í fi ìjà ṣe ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí a bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ sì ga dé ibi ewu, ọjọ́ náà gan-an ni kí a sọ fún un, kí a sì fi lé dókítà lọ́wọ́. Dídúró de ìgbà tí a bá tẹ ìwé kì í ṣe ìwà ọmọlúwàbí.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn ìgbìmọ̀ àgbà Yunifásítì Ìlọrin, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété àti ti Al-Hikmah, pé kí wọ́n fi í ṣe òfin: iṣẹ́ ìwádìí tí ó bá kan ará ìlú, kí ojú ìwé kan ní Yorùbá, tàbí ní Nupe, ní Bàrùbá, ní Fúlàní, gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ṣe é, wà níwájú rẹ̀, kí ẹ̀rí sì wà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí baálẹ̀, alága ọjà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí mẹ́túrọ́ọ̀nù, pé a ti padà lọ kà á fún wọn, kí a tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ìwọ tí o sì ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí ọmọ yunifásítì kan bá tọ̀ ọ́ wá lọ́la pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́, má lé e. Dá a lóhùn tọkàntọkàn, jẹ́ kí ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ sí ìwé tí ó bá gbé síwájú rẹ, bi í léèrè ọjọ́ tí yóò padà wá sọ ohun tí ó rí fún ọ, kí o sì jẹ́ kí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lójú rẹ.